Àwọn Obìnrin Ilẹ̀ Faransé Tó Ya Ojú Ènìyàn ní Sáà Romantic: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí pé nínú iṣẹ́ àwọn obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ojú ènìyàn kò sọnù, orúkọ ló ń sọnù: nígbà mìíràn orúkọ ẹni tí wọ́n yà, nígbà mìíràn orúkọ ẹni tó yà á.

Ìgbà wo là ń pè ní sáà Romantic?

Ẹ kà á sí nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, láti ìgbà tí ìjọba ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní Faransé ní 1789 títí dé àyíká 1850. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí àwọn ọ̀gá ayàwòrán ń lépa ni ìlà tó tọ́, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti ìtàn àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́. Nígbà tó yá, ohun tó ń lọ nínú ọkàn ènìyàn wá gba iwájú: ìbànújẹ́, ìfẹ́, ìdánìkanwà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí òkè. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n lu agogo pé sáà kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ìlànà àtijọ́, ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ya ọkàn tuntun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú ènìyàn ni wọ́n ń yà jù?

Torí pé ilẹ̀kùn tí wọn ò tì mọ́ wọn nìyẹn. Ní Àkádẹ́mì Ọba ní Páríìsì, ẹgbẹ́ ìjọba fún àwọn ayàwòrán, iṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Àwòrán ìtàn ńlá ló wà lókè: ogun, ikú akọni, ìtàn inú Bíbélì. Àwòrán ojú ènìyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ya akọni gbọ́dọ̀ mọ bí iṣan àti egungun ṣe so mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni kí ọkùnrin kan dúró ní ìhòòhò níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò jẹ́ kí obìnrin wọ yàrá yẹn. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ dù wọ́n, wọ́n tún wá yí ojú padà pé obìnrin ò lè ya àwòrán ìtàn. Angélique Mongez, ọmọ iṣẹ́ ayàwòrán ńlá nì, Jacques-Louis David, gbìyànjú rẹ̀ lórí kánfáàsì ńláńlá, ẹnu àwọn aṣelámèyítọ́ ò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun? Ayaba fẹ́, ìyàwó oníṣòwò fẹ́, òṣèré orí ìtàgé fẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yà á wá jókòó, aṣọ rẹ̀ á wà lára rẹ̀, owó á wọlé. Élisabeth Vigée, tí wọ́n wá mọ̀ sí Vigée Le Brun, ò tíì pé ogún ọdún tó ti ń fi iṣẹ́ yìí gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ àwòrán ojú bí ẹni pé iṣẹ́ jíjẹ mímu lásán ni. N kò gbà pẹ̀lú wọn rárá. Kí ènìyàn jókòó ti ojú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó máa wá ibi tí ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀ létí ẹnu kí ó tó di ẹ̀rín: iṣẹ́ wo ló tún le ju ìyẹn lọ?

Níbo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nígbà náà?

Nílé, lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá Vigée Le Brun jẹ́ ayàwòrán. Marguerite Gérard kọ́ lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fragonard. Ẹni tí kò bá ní ayàwòrán nínú ẹbí á wá ọ̀gá tó ń gba obìnrin. Jacques-Louis David gba díẹ̀ sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Louvre, ààfin ọba ní Páríìsì tó wá di mùsíọ́mù, ìjọba sì fi ẹ̀hónú hàn ní 1787 pé kò bójú mu kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin máa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Jean-Baptiste Regnault ní yàrá iṣẹ́ kan fún àwọn obìnrin, ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó o. Pauline Auzou jáde láti ọ̀dọ̀ Regnault, ó ṣí tirẹ̀, ó sì kọ́ àwọn obìnrin fún nǹkan bí ogún ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fúnra rẹ̀, École des Beaux-Arts, kò gba obìnrin títí di 1897.

Kí ni Salon tí gbogbo èèyàn ń sọ?

Ìfihàn àwòrán ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Louvre ni. Ibẹ̀ ni orúkọ ayàwòrán ti ń jáde. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Àkádẹ́mì nìkan ló lè gbé iṣẹ́ kọ́ síbẹ̀, Àkádẹ́mì sì ti pinnu pé obìnrin tó wà nínú òun kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1791 wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayàwòrán, ní 1793 wọ́n tú Àkádẹ́mì ká. Àwọn obìnrin sì wọlé wẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ojú ènìyàn dání. Àmọ́ nígbà tí ìjọba tuntun dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ ní 1795, tí wọ́n pè ní Institut, obìnrin kankan kò sí níbẹ̀. Mẹ́rin tẹ́lẹ̀ di òdo.

Ta ni Élisabeth Vigée Le Brun?

Òun ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Páríìsì ni wọ́n bí i sí ní 1755, ọdún kan náà tí wọ́n bí ayaba Marie-Antoinette, láti 1778 ló sì ti ń ya ayaba náà. Ní Salon 1783 ó gbé àwòrán kan kọ́ níbi tí ayaba ti wọ aṣọ mọ́sílìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì dé akẹtẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni ayaba wọ̀ wá sí gbangba. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì yára ya òmíràn, níbi tí ayaba ti wọ ṣẹ́dà tó mú òdòdó róòsì dání.

Ní 1787 ó ya ayaba pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Sophie, ọmọ ọwọ́ tó kéré jù, kú. Vigée Le Brun ò ṣe bí ẹni pé ọmọ náà ò wáyé rí. Ó fi ibùsùn ọmọ ọwọ́ sínú àwòrán, ó jẹ́ kó ṣófo, ó sì jẹ́ kí ọmọkùnrin tó jẹ́ àrólé ọba na ìka sí i. Wọ́n fẹ́ kí àwòrán yìí sọ fún ará ìlú pé ìyá rere ni ayaba. Ohun tí èmi ń rí níbẹ̀ ni obìnrin tí òkú ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa fún ayàwòrán. Ní Salon ọdún náà kan náà ni ó gbé àwòrán ara rẹ̀ àti Julie ọmọ rẹ̀ wá. Ó ṣí ẹnu díẹ̀, eyín rẹ̀ hàn, àwọn èèyàn sì kà á sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́.

Ní oṣù kẹwàá 1789, nígbà tí àwọn èèyàn fi tipá mú ìdílé ọba kúrò ní ààfin wọn ní Versailles wá sí Páríìsì, ó múra bí òṣìṣẹ́, ó gbé Julie, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní òru. Ọdún méjìlá ló fi wà lẹ́yìn odi: Róòmù, Naples, Vienna, St. Petersburg. Ibi gbogbo tó dé ni wọ́n ti ń dúró dè é, tí àwọn ọlọ́lá ń tò kí ó lè ya wọ́n. Ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó sá kúrò nílùú. Àwọn oníṣẹ́ ọnà àti ọ̀mọ̀wé 255 ló fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ó padà dé ní 1802.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan sáà Romantic gan-an, kí ó wo àwòrán tó ya òǹkọ̀wé Germaine de Staël, tó parí ní 1809. Ó ya á bí Corinne, akéwì inú ìwé de Staël fúnra rẹ̀: dùùrù olókùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tí ewì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. De Staël kì í ṣe arẹwà lójú àwọn ará ìgbà náà, Vigée Le Brun ò sì fi irọ́ kún un. Èrò tó ń jó lọ́kàn rẹ̀ ni ó yà. Vigée Le Brun kọ ìtàn ayé tirẹ̀ jáde láàárín 1835 sí 1837, ó sì kú ní 1842, ẹni ọdún 86.

Ṣé òótọ́ ni pé òun àti Adélaïde Labille-Guiard jẹ́ ọ̀tá?

Ọjọ́ kan náà ni Àkádẹ́mì gba àwọn méjèèjì, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 1783, àwọn èèyàn sì sọ wọ́n di orogún láti ọjọ́ náà. Ẹnu àwọn òǹwòran ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó yẹ ká máa fi rántí Labille-Guiard ni àwòrán ara rẹ̀ ti 1785, tó ga ju ènìyàn lọ: ó jókòó níwájú kánfáàsì, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ búlúù lára, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, Marie-Gabrielle Capet àti Marie-Marguerite Carreaux de Rosemond. Ní ìgbà tí àyè obìnrin kò ju mẹ́rin lọ, obìnrin yìí fi méjì míì hàn pé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Nígbà Ìyípadà, tí wọ́n dojú ìjọba ọba bolẹ̀, Labille-Guiard kò sá. Ó ya àwọn aṣòfin, Robespierre náà wà lára wọn. Ní 1793 wọ́n fi agbára gba àwòrán ńlá kan tó ti ń yà fún àbúrò ọba, wọ́n sì bà á jẹ́.

Mo ti rí àwòrán obìnrin dúdú kan tó wé aṣọ funfun mọ́rí. Ta ni?

Madeleine ni. Marie-Guillemine Benoist ló yà á, ó sì gbé e kọ́ ní Salon 1800. Kò tóbi, gígùn rẹ̀ kò tó mítà kan. Obìnrin náà jókòó sórí àga, ó yíjú sí wa, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, èyí tó ró bọ́ sílẹ̀ tí ọmú rẹ̀ kan sì hàn. Aṣọ búlúù wà lórí àga, rìbọ́nnì pupa wà ní ìbàdí rẹ̀. Búlúù, funfun, pupa: àwọ̀ àsíá Faransé ìgbà ìyípadà nìyẹn. Ẹni tó mọ gèlè wíwé á kọ́kọ́ wo orí rẹ̀, bí ayàwòrán ṣe tẹ̀lé gbogbo ìṣẹ́po aṣọ náà láìfò kan. Lẹ́yìn náà ni ojú á wá dé ojú rẹ̀, kò sì ní tètè kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí. Ní 1794 Faransé kéde pé oko ẹrú parí ní gbogbo ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Ní 1802 Napoleon dá a padà. Ní Guadeloupe, erékùṣù Karíbíánì tí Faransé ń ṣàkóso, Louis Delgrès àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yàn láti fi ẹ̀tù ìbọn fọ́ ara wọn ní Matouba dípò kí wọ́n padà sí oko ẹrú. Àárín ọdún mẹ́jọ tí òmìnira fi wà yẹn ni wọ́n ya àwòrán yìí. Guadeloupe náà ni Madeleine ti wá. Arákùnrin ọkọ Benoist ló mú un wá sí Faransé, ó ń ṣiṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ wọn. Lórí ìwé, òmìnira rẹ̀ dá. Ṣé a bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmú òun hàn fún gbogbo Páríìsì? Obìnrin funfun tó bá sanwó kí wọ́n ya òun kì í jókòó báyẹn. N kò lè wo àwòrán náà kí n má rí nǹkan méjèèjì pọ̀: ọ̀wọ̀ tó wà nínú ojú tí wọ́n yà, àti agbára tí ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú ní lórí ẹni tó jókòó.

Nínú ìwé Salon, àkọlé rẹ̀ kò ju “àwòrán obìnrin dúdú kan” lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò fún “dúdú” ni èyí tí wọ́n ń pe ẹrú. Ọba Louis XVIII rà á fún Louvre ní 1818. Ó lé ní igba ọdún tó ti ń gbé ara ògiri láìlórúkọ, títí di 2019, nígbà tí Musée d'Orsay, mùsíọ́mù kan ní Páríìsì, ṣe ìfihàn kan lórí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n yà nínú iṣẹ́ ọnà Faransé, tí wọ́n sì kọ “Àwòrán Madeleine” sí i.

Kí ni wọ́n fi ń sọ pé David ló ya iṣẹ́ àwọn obìnrin kan?

Torí pé owó orúkọ David ju owó orúkọ wọn lọ. Àpẹẹrẹ tó dùn mí jù wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó nídìí fèrèsé, Charlotte du Val d'Ognes lorúkọ rẹ̀, ó gbé ìwé ìyàwòrán lé itan, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá sára irun rẹ̀. Ó ń wò wá bí ẹni pé àwa ni ó ń yà. Gíláàsì fèrèsé náà ti fọ́ níbì kan, tọkọtaya kan sì wà níta lókèèrè. Nígbà tí àwòrán náà wọ mùsíọ́mù ní 1917, wọ́n ní David ló yà á, àwọn èèyàn sì ń yìn ín bí iṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀.

Ní 1951 Charles Sterling, onímọ̀ ìtàn ọnà, kíyè sí nǹkan kan. Àwòrán kan wà tó fi bí ògiri Salon 1801 ṣe rí hàn, ọ̀dọ́mọbìnrin yìí sì wà lórí ògiri náà. Bẹ́ẹ̀ David kò gbé iṣẹ́ wá sí Salon ọdún yẹn. Kò lè jẹ́ tirẹ̀. Sterling dábàá pé Constance Charpentier, ayàwòrán obìnrin, ló yà á. Bí orúkọ ṣe yí sí ti obìnrin báyìí ni ẹnu náà yí: Sterling fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé àwòrán náà fani mọ́ra, àmọ́ ó ní àìlera tí wọ́n fi ọgbọ́n bò. Kánfáàsì kan náà ni o, ọ̀dà kan náà! Ní ọdún 1990 sókè, Margaret Oppenheimer fi hàn pé Marie-Denise Villers ni, ọmọ ilé tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà jẹ́ ayàwòrán. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri lónìí.

Kì í ṣe òun nìkan. Àwòrán olórin Bruni tó wà ní mùsíọ́mù Frick Collection ní New York, wọ́n ti fìgbà kan pè é ní ti David, bẹ́ẹ̀ Césarine Davin-Mirvault ló yà á. Iṣẹ́ Constance Mayer sì wà tí wọ́n tà lórúkọ ayàwòrán Prud'hon.

Constance Mayer yẹn ńkọ́?

Ní 1801 ó ya ara rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ní ìdúró. Bàbá náà nawọ́ sí ère orí Raphael, ayàwòrán ńlá ilẹ̀ Ítálì àtijọ́, bí ẹni ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹni tí wàá wo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ Pierre-Paul Prud'hon, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀, torí ìyàwó ọkùnrin náà ń ṣàìsàn ọpọlọ. Prud'hon a yàwòrán àkọ́kọ́ sórí pépà, Mayer a fi ọ̀dà parí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní 1821. Prud'hon ṣe ìfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun náà sì kú ní 1823.

Ṣé ìgbéyàwó máa ń dá iṣẹ́ dúró?

Kì í ṣe fún gbogbo wọn. Hortense Haudebourt-Lescot lọ sí Róòmù láìtíì lọ́kọ, lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ Guillaume Guillon-Lethière, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú ní Guadeloupe tó sì di olórí ilé ẹ̀kọ́ ọnà Faransé ní Róòmù. Nígbà tó ṣègbéyàwó, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwòrán tó ya ara rẹ̀ ní nǹkan bí 1825 wà ní Louvre: fìlà dúdú, aṣọ tí kò pariwo, ṣéènì wúrà kan lọ́rùn, bí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣe máa ń ya ara wọn. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Ti Benoist ló burú. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ ní Salon, ìjọba ti ní kí ó ya Napoleon fún àwọn ìlú. Ní 1814 ọkọ rẹ̀ gba ipò gíga lábẹ́ ọba tó padà dé, wọ́n sì ní kò yẹ kí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé àwòrán kọ́ sí gbangba mọ́. Ó gbà. Ó kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀, ìrora rẹ̀ sì hàn gbangba nínú rẹ̀.

Àwọn àwòrán kékeré inú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ńkọ́?

Lórí eyín erin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi ọ̀dà olómi yà wọ́n, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lizinka de Mirbel, ọmọ Cherbourg, ni ọ̀gá wọn nígbà náà, ó ya Louis XVIII àti Charles X. Wọ́n kéde ẹ̀rọ fọ́tò Daguerre ní 1839, iṣẹ́ náà sì ń rọlẹ̀ láti ìgbà náà. De Mirbel kú ní 1849.

Ṣé iṣẹ́ wọn ń pa owó lónìí?

Ní 2019, àwòrán tí Vigée Le Brun ya Muhammad Dervish Khan, aṣojú ọba Mysore láti Íńdíà, ní 1788, tà ní New York ní owó tó lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là.

Níbo ni mo ti lè rí wọn bí n kò bá lè dé Páríìsì?

Louvre, Versailles àti Metropolitan Museum ti gbé àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. De Staël wà ní Geneva, Mayer àti bàbá rẹ̀ wà ní Hartford ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ṣí Madeleine lórí fóònù, ẹ fa á tóbi dé igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ó rí ibi tí ayàwòrán ti fọwọ́ sí i: Laville Leroulx, orúkọ ilé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà kan tó dúró fún “ìyàwó”, lẹ́yìn náà Benoist, orúkọ ọkọ. Ẹ padà sókè díẹ̀díẹ̀, lórí aṣọ funfun, lórí rìbọ́nnì pupa, títí ẹ ó fi dé ojú ẹni tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.